Ẹsẹ̀ Tó Jẹrà Nídìí Máṣíìnì

Òórùn ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Kì í ṣe ìrora, kì í ṣe ibà. Òórùn òkú eku ni, irú èyí tó ti lo ọjọ́ mẹ́ta lábẹ́ àpótí, tí inú rẹ̀ ti wú tó sì ti bẹ́. Mo jókòó sídìí máṣíìnì nínú yàrá mi ní agboolé wa ní Bẹẹrẹ, mò ń rán ṣòkòtò kákí àwọn ọmọ iléèwé, ni òórùn náà bá wọlé dé bí àlejò tí kò kágò.

Mo dìde. Mo fa bẹ́ẹ̀dì kúrò lára ògiri, mo gbé àpótí, mo kó gbogbo ègé aṣọ tó wà lábẹ́ tábìlì síta. Aáyán jáde, wọn ò lóǹkà. Egungun ẹja jáde, èèpo ẹ̀pà jáde, àkàrà kan tí mi ò rántí ìgbà tí mo gbà á jáde, ó ti hu irun. Eku ò jáde. Lọ́jọ́ kejì mo wọ́n kẹrosíìnì sí gbogbo kọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹta mo pinnu pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Làtí, tí yàrá rẹ̀ kángun sí tèmi, ló gbàgbé ẹran sínú ìkòkò. Mo dúró sí ọ̀ọ̀dẹ̀, mo gbé ohùn sókè kí gbogbo ilé lè jẹ́rìí.

"Ìyá Làtí, ẹran tẹ́ ẹ tọ́jú ti ń pè yín o!"

"Ẹran wo?" Ó jáde pẹ̀lú ìró tó so mọ́yà. "Láyé SAP yìí, ta ló jẹ ẹran tó ṣẹ́ kù?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fínmú kiri bí ológbò. Ó kọjá lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, ó wọ yàrá mi, ó yí máṣíìnì po, ó jáde padà, ó dúró níwájú mi. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tó dìde, ó ti fi etí ìró bo imú.

"Ọkọ mi Télọ̀," ó ní, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, "ẹ jókòó. Eku yẹn, ara yín ló wà."

Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé orúnkún òsì, mo sì wo àtẹ́lẹsẹ̀ mi fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín oṣù mélòó kan. Lábẹ́ ọmọ-ìka méjì tó kéyìn, ihò kan wà níbẹ̀ tí orí àtàǹpàkò mi lè wọ̀. Etí rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Omi kan tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti ewédú tó ti kan ń sun jáde nínú rẹ̀, ègé kákí kan sì lẹ̀ mọ́ ọn bí ẹni pé mo rán an síbẹ̀. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́. Kò dùn mí. Ohun tó mú kí n làágùn nìyẹn, ẹ̀yin èèyàn mi: kò dùn mí rárá.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà, nítorí náà ẹ má retí gírámà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń jókòó sínú ilé ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tó ń pè é ní ìgbádùn bí mo ṣe pè é, òun ni mo ń kọ èyí sí.

Alhaji kan ní Gbági la ń bá ṣiṣẹ́. Àwa télọ̀ mẹ́jọ là ń rán yunifọ́ọ̀mù nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nígbà tí SAP, ètò ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, dé, tí onílé fowó lé owó ilé, Alhaji ní kí kálukú gbé máṣíìnì lọ sílé. Òun á máa fi aṣọ tí wọ́n ti gé ránṣẹ́ sí wa, á sì máa kó o tí a bá rán an tán. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fajú ro. Èmi rẹ́rìn-ín. Tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn láti Bẹẹrẹ, mà á sọ̀ kalẹ̀ gba Ògùnpa dé Gbági, mà á tún gun òkè padà ní ìrọ̀lẹ́. Mo ní Ọlọ́run ti gbà mí lọ́wọ́ òkè Ìbàdàn. Mi ò mọ̀ pé òkè yẹn ló ń bá mi tọ́jú ara.

Ní ṣọ́ọ̀bù Alhaji, òfin wà. O ò gbọdọ̀ tẹ máṣíìnì láìwọ bàtà. Abẹ́rẹ́ tó bá ṣẹ́, inú agolo mílíìkì lò ń jù ú sí. A máa ń gbálẹ̀ kí máṣíìnì kankan tó dún. Tí wọ́n bá pèrun, gbogbo wa á dìde, à á na ẹsẹ̀ dé mọ́ṣáláṣí. Nílé, ta ló fẹ́ ṣòfin fún mi? Ẹsẹ̀ lásán ni mo fi ń tẹ irin ìtẹ̀ máṣíìnì. Abẹ́rẹ́ tó bá ṣẹ́, mà á jù ú sílẹ̀ bí egungun ẹja, mà á sì ki òmíràn bọ̀ ọ́. Orí ẹní tó wà lẹ́yìn àga ni mo ti ń kírun. Ìró kan náà ni mo fi ń sùn tí mo fi ń jí tí mo fi ń ṣiṣẹ́, mi ò sì ní wẹ̀ títí oòrùn á fi wọ̀, torí ta ni mo fẹ́ lọ bá?

Oúnjẹ wá ni olórí. Ní agboolé wa, ìyàwó ilé kì í sebẹ̀ kó má bu fún ọkọ ilé tó wà nítòsí. Ọkọ ilé náà kì í sì kọ àwo. Tó o bá kọ̀ ọ́, ohun tó o sọ ni pé ọwọ́ onítọ̀hún dọ̀tí, tàbí pé o fura sí i. Nígbà tí mo ń lọ sí Gbági, ọjọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè nìkan ni àwo ń bá mi nílé. Ní báyìí, èmi nìkan lọkùnrin tó wà nílé lójú mọmọ, ìyàwó ilé sì jẹ́ márùn-ún. Ẹ̀kọ àti àkàrà á dé ní aago méje. Dùńdú á dé ní mẹ́wàá. Ẹ̀bà á dé, ìrẹsì á tẹ̀ lé e, ẹnìkan á tún rántí pé òun se mọ́ínmọ́ín. Ìyàwó mi, Sìdí, tó ń ta àwo tánńganran ní Ọjà'ba, á dé ní ìrọ̀lẹ́, á tún gúnyán. Mi ò kọ ẹyọ kan. Mo ń fi ọwọ́ òsì ti aṣọ, mo ń fi ti ọ̀tún jẹun. Òróró wà lára yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ọlọ́mọ.

Òùngbẹ wá dé. Mo lè mu ìgò mínírà mẹ́ta lórí ìjókòó kan, kí ètè mi sì tún gbẹ. Ohun tí mo bá mu, mà á tọ̀ ọ́. Ṣáláńgá wà lẹ́yìn agboolé pátápátá, ọ̀lẹ ò sì jẹ́ kí n dé ibẹ̀, ni mo bá gbé póò sí ẹ̀yìn máṣíìnì, mo fi àwo dé e. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rò ó wò: oúnjẹ níwájú, ìtọ̀ lẹ́yìn, aáyán láàárín, èmi ọ̀gbẹ́ni sì jókòó pẹ̀sẹ̀, mò ń kọrin. Tí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, ó máa ń rí mi lára.

Ikùn mi kọ́kọ́ yọ. Lẹ́yìn náà ẹran ara bẹ̀rẹ̀ sí í tán lọ́rùn mi, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ ò dín. Ẹsẹ̀ mi wá ń ṣe mí bí ẹni tó wọ ìbọ̀sẹ̀ nígbà tí mi ò wọ nǹkan kan. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo sọ fún Sìdí pé mo ti di òyìnbó, mo ń wọ ìbọ̀sẹ̀ tí mi ò rà.

Ẹ óò rò pé ọjọ́ tí Ìyá Làtí fi ẹsẹ̀ hàn mí ni mo sáré lọ sí ọsibítù. Rárá o. Ẹ̀rù bà mí ju ìyẹn lọ. Mo mọ bàbá kan ní Bẹyẹrúnká tó gbé ẹsẹ̀ méjì wọ ọsibítù, tó gbé ọ̀kan jáde pẹ̀lú igi. Ẹsẹ̀ sì ni télọ̀ fi ń jẹun. Ta ló máa bá mi tẹ máṣíìnì? Mo bá ṣe ohun tí àwa máa ń ṣe. Mo ra kápúsù pupa-àti-yẹ́lò lọ́wọ́ ẹni tó ń ru oògùn kiri, mo tú u, mo da ìyẹ̀fun rẹ̀ sínú ihò náà, mo fi kákí tuntun dì í. Ẹ tún gbọ́: mo padà sídìí máṣíìnì. Mo bẹ gbogbo ilé pé kí wọ́n má sọ fún Sìdí. Òun náà sì ti ń sọ láti ọjọ́ mélòó kan pé eku kú sínú àjà.

Ọjọ́ kejì ni ibà gbé mi. Eyín mi ń lu ara wọn, ojúgun mi pọ́n, ó sì ń gbóná bí ayọ́ọ̀nù. Sìdí dé láti ọjà, ó tú kákí náà, ó wò ó títí. 

"Bàbá Múfú, ṣé ẹ fẹ́ kú ni?"

"Kò tíì burú tó bẹ́ẹ̀."

"Ó dáa. Ẹ fi imú yín kàn án, kẹ́ ẹ tún un sọ."

Mo bẹ̀rẹ̀. Mi ò tíì débẹ̀ tí mo fi bì gbogbo ohun tí ìyàwó ilé márùn-ún ti kó fún mi láti àárọ̀. Ọ̀rọ̀ parí. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣe mọ́, ó pe tasín. Awakọ̀ náà ò tíì rìn dé gbọ̀ngàn Mápó tó ti yí gbogbo wíńdò sílẹ̀. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ṣé ẹja lẹ gbé ni?" Sìdí dá a lóhùn pé, "Ọkọ mi ni. Ẹ máa wa ọkọ̀."

Ní ọsibítù ńlá náà, bẹ́ǹṣì tí wọ́n fi wá sí gba èèyàn mẹ́fà. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, èmi nìkan ló kù níbẹ̀ bí ọba. Àwọn yòókù fara mọ́ ògiri, wọ́n fi gèlè àti ọwọ́ bo imú. A dúró láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Mo ń wo àwọn eṣinṣin. Àwọn nìkan ni inú wọn dùn sí mi.

Wọ́n gba ìtọ̀ mi, wọ́n kán díẹ̀ sínú oògùn olómi búlúù kan nínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sè é lórí iná. Mo ń wò ó. Ó kúrò ní búlúù, ó di gíríìnì, ó di yẹ́lò, ó sì pọ́n bí bíríkì. Síísítà, nọ́ọ̀sì tó ń sè é, yíjú wo Sìdí. Dókítà, ọmọdé kan tí ojú rẹ̀ ti rẹ̀, ló wá sọ fún mi pé mo ní àtọ̀gbẹ.

Bó ṣe yé mi ni mà á ṣe sọ ọ́. Omi kan wà nínú ara tí ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà inú oúnjẹ kó lè wọ inú ẹran ara, kó di agbára. Tí omi yìí bá dín, tàbí tí ara ò bá gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́, ṣúgà á kún inú ẹ̀jẹ̀ bí àgbàrá tí gọ́tà ti dí mọ́. Ìtọ̀ lara máa ń fi lé e jáde, ìtọ̀ náà á sì kó omi ara lọ. Ìdí nìyẹn tí òùngbẹ ò ṣe jẹ́ kí n gbádùn. Tó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, ó máa ń pa àwọn iṣan tín-ín-rín tó ń gbé ìròyìn ìrora láti àtẹ́lẹsẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Ìbọ̀sẹ̀ tí mo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, òkú iṣan ni. Dókítà ò sọ pé jíjókòó sílé nìkan ló fà á. Ó ní ó lè wà nínú ìdílé, mo sì rántí pé bàbá wa náà kú pẹ̀lú egbò tí kò jinná. Ṣùgbọ́n ó ní ìjókòó, àjẹjù àti mínírà ló ṣílẹ̀kùn fún un.

Wọ́n wá ya àwòrán egungun ẹsẹ̀ mi. Síísítà gbé fọ́tò dúdú náà sí iwájú iná.

"Bàbá, iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"

"Télọ̀ ni mí."

"Abẹ́rẹ́ yín nìyí."

Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó funfun, ó dùbúlẹ̀ láàárín egungun bí ẹni tó rí ilé. Ìdajì abẹ́rẹ́ máṣíìnì. Mo ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lórí ilẹ̀ yàrá mi tí mi ò gbá, ó ti wọ inú ẹran ara mi, mo sì ti fi ẹsẹ̀ yẹn rán ṣòkòtò ó kéré tán ọgọ́rùn-ún, mi ò mọ̀. Mo ti rí ohun ìríra láyé mi. Mi ò tíì rí èyí tó tó àwòrán yẹn.

Dókítà là á mọ́lẹ̀ fún mi. Ẹran ẹsẹ̀ mi ń kú, ó sì ń gòkè. Wọ́n á máa fún mi ní abẹ́rẹ́ ínsúlínì, omi tó ń ṣílẹ̀kùn yẹn, kí ṣúgà lè wálẹ̀, wọ́n á máa gé ibi tó bá ti kú lójoojúmọ́. Bó bá dúró síbi tó wà, ọmọ-ìka méjì ló máa lọ. Bí kò bá dúró, abẹ́ orúnkún ni wọ́n máa gé e. Ó fi bírò fa ìlà yí ojúgun mi po níbi tí pípọ́n náà parí sí. "Ìlà yìí la máa wò," ó ní.

Bẹ́ẹ̀ ni bírò olówó pọ́ọ́kú ṣe di ọ̀gá mi. Gbogbo àárọ̀, kí n tó kí Ọlọ́run dáadáa, mà á ti ká aṣọ sókè. Ọjọ́ kejì, pípọ́n náà ò tíì dé ìlà. Ọjọ́ kẹta, ó fara kàn án. Tí wọ́n bá fẹ́ wẹ egbò, wọ́n á da oògùn tó ń hó bí ọṣẹ sínú rẹ̀, wọ́n á fi àlùmọ́gàjí kékeré gé ẹran tó ti di dúdú, wọ́n á jù ú sínú báàlì, garawa kékeré kan tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo gbọ́ bó ṣe ń bọ́ síbẹ̀. Mi ò nírora, etí nìkan ni mo fi ń gbọ́ ara mi bó ṣe ń tán. Èmi tí mo máa ń sọ pé mi ò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni ní Bẹẹrẹ, mo di ọwọ́ Síísítà mú bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ dá abẹ́ fún.

Lọ́jọ́ kárùn-ún, pípọ́n ti kọjá ìlà ní ìwọ̀n ìka kan. Ọjọ́ yẹn náà ni ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ Ìyá Làtí, wá pẹ̀lú tasín tó ti sanwó fún.

"Dìde, Ràfíù. Wọn ò ní gé ẹsẹ̀ ọmọ ilé wa sínú báàlì. Ẹnìkan wà tó ń fi ewé wo egbò. Inú ilé lo máa wà, wọ́n á máa gbé oúnjẹ tọ̀ ọ́ wá."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi. Mo ti ń wá bàtà. Sìdí dúró sí ìdí bẹ́ẹ̀dì, kò bá ẹ̀gbọ́n mi fà á, torí ìyàwó ilé ni. Èmi ló kọjú sí.

"Bàbá Múfú, inú ilé náà lẹ wà tí gbogbo èyí fi ṣẹlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wọ tasín yẹn, mi ò ní dá yín dúró. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo ìlà yẹn, kẹ́ ẹ sọ fún mi ibi tó máa dé lọ́la."

Mo wò ó. Mo rí yàrá mi, mo rí àwo lórí tábìlì, mo rí póò.  Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé, "Bùọ̀dá, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé ohun tí wọ́n bá fẹ́ gé. Mi ò jókòó sílé mọ́." Ó bínú lọ, tasín náà sì ń fọn fèrè.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni wọ́n gbé mi wọ tíátà. Wọ́n la ẹsẹ̀ náà, wọ́n yọ abẹ́rẹ́, wọ́n sì gé ọmọ-ìka méjì tó kéyìn. Nígbà tí mo jí, mi ò jẹ́ wò. Mo ní kí Sìdí bá mi wo bóyá orúnkún mi ní nǹkan lábẹ́. Ó ní, "Ó wà níbẹ̀. Ó tilẹ̀ ń rùn." N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó dùn tó ìyẹn rí. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kí pípọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn. Ó padà kọjá ìlà, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méje ni mo lò níbẹ̀.

Mo rò pé mo ti ja ìjà tó le jù. Irọ́ ni. Àwo ló le jù. Ọjọ́ tí mo dé ilé, Ìyá Làtí gbé ìrẹsì wá, ó kún bí òkè, mo sì ní mi ò jẹ ẹ́. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Èmi? Ṣé ọwọ́ mi ló ti wá dọ̀tí?"

Ó fẹ́ sunkún. Mo ní kó jókòó. Mo tú báńdéèjì níwájú rẹ̀, mo fi ibi tí ọmọ-ìka mi wà tẹ́lẹ̀ hàn án, ó pupa, ó tutù, ó jọ ẹnu ọmọ ẹyẹ. "Ìyá Làtí," mo ní, "tí mo bá gba àwo yín, ibí yìí ni mò ń bù ú sí."

Ó wò ó, kò gbé ojú kúrò. Ó gbé àwo rẹ̀ nílẹ̀. "Ẹ̀fọ́ ńkọ́?" ó ní. "Ẹ̀fọ́ náà ò ní pa yín ni?" Láti ọjọ́ yẹn, ìyàwó ilé márùn-ún ló ń kó ẹ̀fọ́ wá, mo sì ń jẹ ẹ́ bí ewúrẹ́.

Mi ò rán nǹkan kan nínú yàrá mi mọ́. Mo gba abẹ́ àtíbàbà onípáànù kan ní Oníyanrìn, mo gbé máṣíìnì lọ síbẹ̀. Dókítà ní kí n máa rìn níwọ̀nba, kí n wọ bàtà tó bo ìka, kí n má jókòó ju wákàtí kan lọ láìdìde. Mò ń tiro díẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò ń sín mi jẹ, mo sì ń jẹ́ kí wọ́n sín in dáadáa. Ẹni tí ipò iṣẹ́ bá so mọ́ ilé, kò burú. Ṣùgbọ́n kó wọ bàtà, kó gbálẹ̀, kó jáde rìn lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kó sì fi ojú wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Tí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́ lemọ́lemọ́, kó lọ yẹ ìtọ̀ wò. Kó má dúró de òórùn.

Dókítà ní iṣan tó kú ò ní jí mọ́. Ẹsẹ̀ mi wà lára mi, mo ń dúró lé e lórí, ṣùgbọ́n kò lè bá mi sọ̀rọ̀. Òkúta lè gún un, iná lè jó o, èmi ni màá gbọ́ kẹ́yìn. Nítorí náà, kí oòrùn tó wọ̀, Sìdí á gbé àpótí síwájú mi, á gbé ẹsẹ̀ náà lé itan, á fi omi àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, á fi ọwọ́ wá gbogbo àárín ìka mẹ́ta tó kù. Nígbà kan, ojú máa ń tì mí. Mo máa ń wo ibòmíràn. Ní báyìí mò ń wo ojú rẹ̀, torí ojú rẹ̀ nìkan ni mo ti lè mọ bí ẹsẹ̀ mi ṣe wà. Á wò ó, á yí i sí ìmọ́lẹ̀, á tún wò ó. Á wá gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Kò sí nǹkan kan," ó máa ń wí.

Mà á ní, "Àlùhámúdùlílàhì," mà á sì fi ẹsẹ̀ náà dìde.